Iṣẹ́ Tọ́nà ní Òwódé Onírin: Ibi tí Owó Irin Kéékèèké Ń Bá Lọ àti Bí Ó Ṣe Lè Wálẹ̀

Irin tí kò ju àtàǹpàkò lọ lè gbówó lérí ju odindi ọ̀pá tí wọ́n ti gé e jáde. Gbogbo àwa tí a ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, ẹ̀rọ ata àti ẹ̀rọ ìfúnpo la mọ èyí. Páànù àti áńgù irin ní iye tí gbogbo ọjà mọ̀, ṣùgbọ́n búṣì kan (irin róbótó tó ní ihò láàárín), ọ̀pá kan tí a fẹ́ bẹ́ ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí rọ́là kékeré kan tí kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni, a ní láti gbé e tọ tọ́nà lọ, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí irin tó sì ń gé e, iye tí tọ́nà bá sì pè ni a óò bẹ̀rẹ̀ sí í ná. Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹnu tí a fi ń ná ọjà kò lágbára tó àwòrán tí a gbé lọ́wọ́. Kí oníbàárà tó dé ṣọ́ọ̀bù ni púpọ̀ nínú owó náà ti wọlé sínú iṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí a ti yọ ọ́.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù tọ́nà kan ní agbègbè Òwódé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní Èkó, kí n sì fi í wé àwọn ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń bá ènìyàn gé irin láti òkèèrè. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ kò rán mi ní ìpolówó, àti pé ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ yóò wúlò fún yín níbikíbi tí wọ́n bá ti ń yí irin, ì báà ṣe Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí Gate ní Ìbàdàn.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì méjì, èyí tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e, ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gùn tó láti gba ọ̀pá ńlá, èkejì sì kéré. Ẹ̀rọ mílíǹgì kan, tí ọ̀bẹ tirẹ̀ ló ń yí, àti ẹ̀rọ ìlúhò tó ń dá dúró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ẹ̀rọ náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí ìtọ́jú: òróró kì í gbẹ lójú irin tí ọ̀bẹ ń rìn lé, àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí èérún irin sùn sára ẹ̀rọ mọ́jú. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ọ̀gá náà kì í pe iye kankan kí ó tó béèrè iṣẹ́ tí irin náà fẹ́ lọ ṣe. Mo tẹ́ àwòrán búṣì kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú kan lára rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló máa wọ inú ibí yìí?” Mo ní bẹ́ríǹgì ni. Ó tún fi ìka tọ ojú kejì: “Ibí yìí ńkọ́, ṣé nǹkan kan máa fara kàn án?” Mo ní rárá. Ó mú bírò, ó fa ilà yí ibi tí bẹ́ríǹgì yóò jókòó sí ká, ó ní ibẹ̀ yẹn nìkan ni òun yóò fi máíkírómítà, ohun èlò ìwọ̀n tó péye jù, wọ̀n, kálípà tí ń yára wọn nǹkan á tó fún ìyókù. Ìbéèrè méjì yẹn ló jẹ́ kí iye tó pè kéré sí èyí tí àwọn mìíràn ti pè lórí àwòrán kan náà, n kò sì tíì ná an ní kọ́bọ̀ nígbà náà.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sanwó fún. Bí tọ́nà bá gba iṣẹ́ yín, yóò wá irin tó bá a mu, yóò gé e sí gígùn tó yẹ, yóò dì í mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹnu ẹ̀rọ tó ń gbá irin mú, yóò wò ó bóyá ó ń yí gún régé, yóò pọ́n ọ̀bẹ, yóò sì to ọ̀bẹ náà dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, gbogbo èyí kí èérún irin àkọ́kọ́ tó já bọ́. Àkókò kan náà ni ìmúrasílẹ̀ yìí ń gbà, yálà ẹyọ kan lẹ fẹ́ tàbí ogún. Ẹ jẹ́ ká ní ìmúrasílẹ̀ gba wákàtí 1, kí gígé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe ẹyọ 1, ìṣẹ́jú 70 ni ẹ ó sanwó rẹ̀ lórí ẹyọ náà. Bí ó bá jẹ́ 10, gbogbo iṣẹ́ náà á jẹ́ ìṣẹ́jú 160, èyí tó túmọ̀ sí ìṣẹ́jú 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú 11. Ẹ ó rí i pé láàárín ẹyọ 1 sí 10 ni owó ti já wálẹ̀ jù lọ. Láti 10 lọ sí 100, ohun tí ẹ ó rí jèrè lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí mo bá mọ̀ pé màá tún nílò irin kan kí ọdún tó yí, n kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n n kì í sì í ṣe ọgọ́rùn-ún nítorí kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè dínwó, nítorí pé owó tó bá ti di irin orí pẹpẹ kò ṣe é ra bẹ́ríǹgì tí a nílò lónìí.

Ọ̀nà mìíràn wà láti sọ iye ẹyọ di púpọ̀ láì ra ohun tí a kò ní lò. Ẹ̀rọ tí mo ń ṣe ní búṣì ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, gígùn wọn sì fi mílímítà díẹ̀ yàtọ̀ síra nítorí bí férémù ṣe rí. Ọ̀gá tọ́nà dábàá pé kí a sọ méjèèjì di gígùn kan náà, kí a sì fi wáṣà dí àyè tó bá ṣẹ́kù níbi tó gùn. Bí iṣẹ́ méjì tí ìmúrasílẹ̀ wọn yàtọ̀ ṣe di iṣẹ́ kan nìyẹn, tí iye ẹyọ rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì. Wáṣà tó dí àyè náà, ojú ọjà ni a ti rà á.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo rò pé àwọn oníbàárà ti ń fi owó ṣòfò jù lọ láì mọ̀. Kò sí irin tí wọ́n gé tí yóò bá nọ́ńbà orí ìwé mu délẹ̀délẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ó ṣe lè yẹ̀ tó tí iṣẹ́ kò fi ní bàjẹ́. Òfin ìwọ̀n àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 2768, ní ìpele àárín rẹ̀, gba pé ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín mílímítà 6 sí 30 lè fi mílímítà 0.2 ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kí ó fi í dín, èyí tó sì ju 30 lọ títí dé 120 lè yẹ̀ ní mílímítà 0.3. Tọ́nà tó bá mọ iṣẹ́ lè ṣe èyí láì dá ẹ̀rọ dúró púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ H7 sí ihò mílímítà 25, ohun tí ẹ ń sọ ni pé ihò náà kò gbọdọ̀ kéré sí 25 rárá, kò sì gbọdọ̀ fi ju mílímítà 0.021 jù ú lọ. Láti dé ibẹ̀, tọ́nà yóò gé e kù díẹ̀, yóò dá ẹ̀rọ dúró, yóò dúró kí irin tutù nítorí pé irin gbígbóná máa ń wú, yóò wọ̀n ọ́n, yóò tún gé e fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, yóò tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fi díẹ̀ kọjá, irin náà ti bàjẹ́, òun ni yóò sì wá irin mìíràn. Gbogbo ewu yẹn ló ń kó sínú iye tó ń pè. Bí ihò náà bá jẹ́ ibi tí bẹ́ríǹgì yóò wọ̀ le dandan, owó náà tọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ihò tí bóòtù kan fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá lásán, ẹ ti ra ohun tí kò sẹ́ni tí yóò lò ó. Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ni mo ń bá wí jù níhìn-ín, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè kọ nọ́ńbà mẹ́ta sẹ́yìn àmì ìdá láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè fún un, tọ́nà tó bá sì bọ̀wọ̀ fún àwòrán yóò gbà pé òótọ́ ni ẹ ń sọ.

Àbá tó dín owó mi kù jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù yìí dá lórí ọ̀pá tó ń gbé ìlù ẹ̀rọ gbágùúdá yí. Àwòrán tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ni kí wọ́n mú ọ̀pá mílímítà 25, kí wọ́n bẹ́ orí àti ìdí rẹ̀ di 20, kí bẹ́ríǹgì 6204 lè wọ̀ ọ́, nítorí pé ihò inú 6204 jẹ́ 20, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 47, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 14. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún ní láti yí ilé tí ẹ̀yìn bẹ́ríǹgì yóò wọ̀. Ọ̀gá náà ní kí ló dé tí a ò kúkú lo bẹ́ríǹgì tó wà nínú ilé tirẹ̀, èyí tí ọjà ń pè ní UCP205, tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25, tó ní ẹsẹ̀ tí a lè fi bóòtù dè mọ́ férémù, tó sì ní síkúrúù kéékèèké aláìlórí tó ń di ọ̀pá mú. Ọ̀pá irin dídán, èyí tí wọ́n fà nígbà tó tutù ní ilé-iṣẹ́, máa ń wá ní ìwọ̀n tó ṣe é gbára lé. Nínú ìpele h9, ọ̀pá 25 kò gbọdọ̀ ju 25 lọ, kò sì gbọdọ̀ fi ju mílímítà 0.052 dín sí i. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wọ inú UCP205 láì jẹ́ pé ọ̀bẹ kàn án. Ohun tó kù fún tọ́nà ni kí ó gé e sí gígùn, kí ó tẹ́jú ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ó sì yọ etí rẹ̀ kí ó má gé ènìyàn lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé UCP205 wọ́n ju bẹ́ríǹgì lásán lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi owó ilé bẹ́ríǹgì tí a kò yí mọ́ àti owó bíbẹ́ ọ̀pá kún un, ẹ ó rí i pé owó dín. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi èyí ṣe òfin fún gbogbo ẹ̀rọ o. Ẹ̀rọ tó ń sáré gan-an tàbí tó ń gbọ̀n gidigidi fẹ́ kí ọ̀pá wọ bẹ́ríǹgì ṣinṣin, níbẹ̀, ẹ sanwó fún yíyí rẹ̀ dáadáa.

Ìgbà mélòó ni wọ́n máa di irin náà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kí ó tó parí? Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi nìyẹn kí n tó fi àwòrán kan sílẹ̀. Bí a bá lè gé gbogbo ojú tó ṣe pàtàkì láti ọwọ́ kan, kí wọ́n sì wá bẹ́ ẹ já kúrò lára ọ̀pá, ìmúrasílẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni, ihò inú àti ara ìta yóò sì wà lójú àárín kan náà. Bí wọ́n bá ní láti tú u, kí wọ́n yí i sẹ́yìn, kí wọ́n tún dì í, ìmúrasílẹ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ẹlẹ́nu mẹ́ta tó ti gbó kì í sì í dá irin padà sí ojú àárín gan-an tó wà tẹ́lẹ̀. Ihò tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní tirẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbé irin náà lọ sí ẹ̀rọ ìlúhò. Kíwéè inú ihò, ìyẹn ojú tí wọ́n gbẹ́ sí i kí irin kékeré lè wọ̀ ọ́ tí ọ̀pá àti púlì yóò fi jọ máa yí, tún burú ju èyí lọ, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ẹ yóò gbé e lọ fún ẹlòmíràn, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó ìrìn náà. Fún ohun tí kò gbé ẹrù wúwo, síkúrúù M6 aláìlórí (ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6) tó tẹ ojú pẹlẹbẹ kan lórí ọ̀pá ti tó. Fún púlì tí ẹ́ńjìnnì ń fà, ẹ má yọ kíwéè kúrò, ṣùgbọ́n ẹ ra púlì tí wọ́n ti gbẹ́ kíwéè sí láti ilé-iṣẹ́ wá.

Ọ̀rọ̀ téèdì, ìyẹn ojú lílọ́ inú ihò tí bóòtù ń wọ̀, kò gùn. Ẹ lo M6, M8 tàbí M10, tí ihò tí wọ́n ń lù fún wọn kí táàpù, irin tí wọ́n fi ń gé téèdì, tó wọlé jẹ́ mílímítà 5, 6.8 àti 8.5, nítorí pé irin ìlúhò wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Téèdì tí jíjìn rẹ̀ bá ti tó ìlọ́po méjì ìbú bóòtù ti lágbára tó fún iṣẹ́ wa. Èyí tó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ kàn ń dá ẹ̀mí táàpù légbodò ni, bí táàpù bá sì kán sínú irin, irin náà lè bá a lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ihò já sí òdìkejì, kí èérún irin lè ríbi jáde.

Nínú irú irin tí a óò lò, mo rí i pé ohun tó rọjú ní ọjà lè wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Ní Òwódé Onírin, áàsìlì ọkọ̀ àlòkù pọ̀ bí ilẹ̀, ènìyàn sì máa ń rò pé òun ti rí irin tó nípọn rà ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi iná mú ojú ọ̀pọ̀ áàsìlì le kí ó má baà tètè jẹ, ojú líle yẹn sì ń pa ọ̀bẹ tọ́nà, tọ́nà á sì fi owó ọ̀bẹ àti àkókò rẹ̀ kún owó wọ́kímáńṣípù. Ẹ mú fáìlì irin dání lọ sọ́jà. Ẹ fi etí rẹ̀ fa ojú irin náà: bí ó bá jẹ ẹ́, tí èérún jáde, ó ṣe é yí, bí fáìlì bá kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni ń fa dígí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Fún búṣì àti ọ̀pá lásán, mild steel (irin lásán) tuntun tí wọ́n gé láti ara ọ̀pá ni mo máa ń gbé lọ.

Ibì kan wà tí n kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá ọ̀nà àtidín owó, ibẹ̀ ni irin tó ń fara kan oúnjẹ. Omi gbágùúdá máa ń kan, ó sì ń jẹ mild steel, ìpata rẹ̀ á sì bá gààrí lọ sínú ikùn ènìyàn. Irin aláìdípatà tí wọ́n ń pè ní 304 ló yẹ níbẹ̀. Irú 303 rọrùn fún ọ̀bẹ jù ú lọ nítorí súfúrù tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n súfúrù yẹn kan náà ló ń dín agbára rẹ̀ kù níwájú ìpata. 304 ní wàhálà tirẹ̀: bí ọ̀bẹ bá kú, tó kàn ń ra á lójú, ojú irin náà á le sí i, ọ̀bẹ tó tẹ̀ lé e á sì jìyà. Ohun tó ń dín owó kù láì fi ìlera ta ni kí ibi tó ń kan oúnjẹ nìkan jẹ́ 304, kí ọ̀pá inú tí oúnjẹ kò dé jẹ́ irin lásán tí rọ́bà èdìdì bo ẹnu rẹ̀. Àwọn tó ń ta irin máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dá oníbàárà lójú, wọ́n á ní bí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, 304 ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé irin aláìdípatà oríṣi 200, tó rọjú jù ú lọ tí kò sì lè dúró pẹ́ bíi tirẹ̀ níwájú ohun kíkan, kì í sábà lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó lè fi ìwé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é hàn yín. Idẹ tó rọrùn jù fún tọ́nà, tí wọ́n ń pè ní C360, ní òjé nínú tó tó nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára fún búṣì ìta, kò dára fún ohun tó kan oúnjẹ.

Ẹ wá jẹ́ ká wo àwọn ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gé irin láti òkèèrè. Protolabs ti wà ní Minnesota ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1999, Xometry bẹ̀rẹ̀ ní Maryland ní 2013, PCBWay àti JLC náà sì ń gba irú iṣẹ́ yìí láti Shenzhen ní Ṣáínà. Ẹ ó ya irin yín lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè fi FreeCAD yà á tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ó fi fáìlì STEP rẹ̀ (irú fáìlì àwòrán tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ lè kà) ránṣẹ́, lórí ọ̀pọ̀ nínú irú ojú òpó bẹ́ẹ̀, iye owó á sì jáde kíá. Ohun tó wú mi lórí jù nínú wọn ni pé ènìyàn lè máa yí nǹkan padà kí ó máa wo ohun tí owó ń ṣe. Ẹ sọ ẹyọ 1 di 10, ẹ wò ó. Ẹ sọ 304 di álúmínọ́ọ̀mù 6061, ẹ wò ó. Ẹ mú ìwọ̀n líle kúrò níbi tí kò ti wúlò, ẹ tún wò ó. Ilé ẹ̀kọ́ ni èyí fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀rọ, mo sì gbà yín níyànjú kí ẹ lò ó láti fi tún àwòrán yín ṣe, bí ẹ kò tilẹ̀ ní ra nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ó bá wá di pé kí ẹ rà á, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ òfuurufú, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà kí inú yín tó dùn sí iye tí ẹ rí. Fún búṣì irin lásán, kò sí bí òkèèrè ṣe lè bá tọ́nà Òwódé Onírin díje, nítorí pé owó tí a fi gbé irin wúwo kọjá òkun nìkan lè ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àpótí álúmínọ́ọ̀mù kékeré tí inú rẹ̀ ní ojú oríṣiríṣi, tí ó fúyẹ́, tí ihò rẹ̀ pọ̀ tí àyè àárín wọn sì gbọdọ̀ bára mu, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí yóò ṣe é dáadáa ju ẹ̀rọ mílíǹgì tí a ń fi ọwọ́ yí lọ. Ẹ rántí níbẹ̀ pé ọ̀bẹ mílíǹgì máa ń yí ni, nítorí náà igun inú kò lè mú ṣóṣóró. Bí ẹ bá ya igun mímú, wọ́n ní láti fi iná mànàmáná jẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n fi fáìlì gbẹ́ ẹ, owó ńlá sì ni. Ẹ jẹ́ kí igun náà tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, kí ó fẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀bẹ lọ, kí kòtò náà má sì jìn ju ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ìbú ọ̀bẹ.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ń sọ yìí ní àléébù tirẹ̀. Àkókò kì í péye. Bí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀, owó dísù á sì wọnú ọ̀rọ̀, pàápàá fún iṣẹ́ tó bá gba ẹ̀rọ ńlá. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí n kò ní sọ ibi tó wà: wọ́n gbẹ́ ihò bẹ́ríǹgì fún mi tó fẹ̀ lẹ́nu tó sì fún nínú, wọ́n sì fi òòlù gbá bẹ́ríǹgì wọ inú rẹ̀ kí n má baà rí i. Láti ìgbà náà, n kì í gba nọ́ńbà ẹnu gbọ́. Mo máa ń gbé bẹ́ríǹgì náà àti ọ̀pá náà gan-an lọ, kí tọ́nà fi wọ́n dán ẹyọ àkọ́kọ́ wò lójú mi kí ó tó ṣe ìyókù. Ọ̀gá Òwódé Onírin kò bínú sí èyí rí, òun fúnra rẹ̀ ló tilẹ̀ máa ń ní kí n dúró kí a jọ wò ó. Mo máa ń san àsansílẹ̀ tó tó owó irin, mo máa ń san ìyókù nígbà tí mo bá ti wọ̀n ọ́n tán.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀. Àwòrán tí mo bá gbé lọ máa ń di ohun tí òróró bò mọ́lẹ̀, tí iṣẹ́ náà bá sì tún padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ohun tí a ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, àkókò ìwọ̀n yẹn náà sì ń wọnú owó. Mo ti bá ọ̀gá náà sọ ọ́, ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ló yẹ kó máa ṣe é, ṣùgbọ́n kò tíì fìdí múlẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń mú ẹyọ kan sílẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ irú irin, ọjọ́ àti ìwọ̀n tó ṣiṣẹ́ sí ara ìwé kékeré kan, mo sì ń fi wáyà so ó mọ́ ọn. Bí mo bá padà lọ, irin yẹn àti ìwé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kí a tó sọ̀rọ̀ iye.